Ọmọlangidi Tó Ń Kọ́ Nọ́ọ̀sì Níṣẹ́

Ohùn kìíní

  

Ìbéèrè kan ló bí ìtàn tòní. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa lórí gúrúùpù yìí ní ọmọ òun tó wà nílé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sọ fún òun pé àwọn ò tíì fọwọ́ kan aláìsàn kankan, pé ọmọlangidi ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn. Ìyá wa wá béèrè pé, gbogbo owó tí òun ń san yìí, ṣé owó ọmọlangidi ni? Àwọn kan fi ẹ̀rín sí i. Èmi ò rẹ́rìn-ín o, nítorí ìbéèrè gidi ni. Owó ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kì í ṣe owó kékeré, inú ìsọ̀ lọ̀pọ̀ nínú wa dẹ̀ ti ń san án.

Ìdáhùn mi rèé kí n tó tú u palẹ̀. Ọmọlangidi yẹn, ààbò ni fún ẹni àkọ́kọ́ tó máa bọ́ sí ọmọ yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọmọlangidi nìkan ò lè sọ ẹnikẹ́ni di nọ́ọ̀sì. Inú ìtàn ni ìdí ọ̀rọ̀ méjèèjì wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ara wa: kí ọmọlangidi tó dé, ara ta ni wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́? Ara tálákà ni. Láyé àtijọ́ ní Paris, ní Vienna, ní Lọ́ńdọ̀nù, olówó kì í lọ sí ọsibítù. Dókítà ló máa ń wá bá a nílé. Ẹni tí kò lówó, ẹni tí kò ní ará, àlejò tí ò mọ ẹnì kan nílùú, àwọn ló ń sùn ní ọsibítù ọ̀fẹ́. Ara wọn dẹ̀ ni àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ fi ń mọṣẹ́.

Nígbà tí Florence Nightingale dá ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní ọsibítù St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1860, inú wọ́ọ̀dù náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ iṣẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn, tí sísítà àgbà á máa ṣọ́ wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ yẹn ni ọmọ tiwa, Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt, lọ lẹ́yìn ogun Hítílà. Ó padà wálé, òun ló dẹ̀ di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mátírọ́ọ̀nù ní UCH Ìbàdàn. Nítorí náà mi ò ní kí ẹnikẹ́ni máa fojú di ẹ̀kọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èèyàn ńlá ló ti ibẹ̀ jáde.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Telọ̀ tó bá ń kọ́ṣẹ́, bébà sìmẹ́ǹtì ni ọ̀gá á kọ́kọ́ fún un kó máa gé. Tó bá gé e wọ́, bébà ló wọ́. Ọ̀gá ò ní gbé léèsì oníbàárà fún ọmọ iṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní. Àbí ẹ̀yin máa gbà? Nígbà náà, kí ló dé tá a fi máa ń gbà fún ara èèyàn ohun tí a ò jẹ́ gbà fún aṣọ?

Àwa tá a wà nílùú onílùú, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju ẹlòmíì lọ. Tí àìsàn bá gbé ẹnì kan wa dé ọsibítù lóru, ìyá rẹ̀ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní Ọ̀ffà, kò sẹ́ni tó máa dúró ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti gún abẹ́rẹ́ yìí rí?" Ara ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ láyé àtijọ́. Ẹ má gbàgbé ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn bí a ṣe ń lọ.

Ohùn kejì

Ó yá, ká máa bá a lọ. Àwọn kan rò pé àwọn òyìnbó ayé kọ̀ǹpútà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọmọlangidi dé. Rárá o. Lọ́dún 1027, ní ilẹ̀ Ṣáínà, wọ́n rọ ère idẹ méjì tó tóbi tó èèyàn. Oníṣègùn ọba kan tó ń jẹ́ Wang Weiyi ló bójú tó iṣẹ́ náà. Ẹ mọ̀ pé àwọn ará Ṣáínà ní ìṣègùn kan tí wọ́n fi ń gún abẹ́rẹ́ tín-ín-rín sí ojú ibi pàtó lára. Wọ́n lu ihò sára ère náà ní gbogbo ojú ibi tó yẹ kí abẹ́rẹ́ wọ̀.

Tó bá di ọjọ́ ìdánwò, wọ́n á fi ìda bo gbogbo ara ère náà kí ẹnikẹ́ni má rí ihò. Wọ́n á rọ omi sí i nínú. Wọ́n á ní kí akẹ́kọ̀ọ́ gún un. Tó bá gún ojú ibẹ̀, omi á yọ. Tí kò bá gún ojú ibẹ̀, abẹ́rẹ́ ò ní wọlé, ojú á ti onítọ̀hún, kò dẹ̀ sí ẹni tó fara pa. Ẹ̀kọ́ kìíní nìyẹn: nǹkan ìkọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ lè sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé "o ṣì í" láìjẹ́ pé ẹnì kan sunkún.

Ká wá lọ sí ilẹ̀ Faransé. Obìnrin kan wà níbẹ̀, agbẹ̀bí ni, Angélique du Coudray lorúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní nǹkan bí ọdún 1712. Nígbà ayé rẹ̀, ìyá àti ọmọ ń kú nígbà ìbímọ ní àwọn abúlé, ọba Faransé dẹ̀ ń ṣàníyàn pé èèyàn ń dín kù lórílẹ̀-èdè òun. Lọ́dún 1759, ọba Louis Kẹẹ̀ẹ́dógún fún obìnrin yìí ní ìwé àṣẹ pé kó máa lọ káàkiri ìgbèríko, kó máa kọ́ àwọn obìnrin ní iṣẹ́ agbẹ̀bí.

Ìṣòro tó bá pàdé nìyí. Ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin abúlé yìí ò mọ̀wé kà. Èdè abẹ́lé tí wọ́n ń sọ tún yàtọ̀ sí Faransé tó ń sọ. Ìwé ò lè ṣiṣẹ́ fún wọn, ọ̀rọ̀ ẹnu náà ò tó. Kí ló ṣe? Ó rán an. Ẹ̀yin aláṣọ, ẹ gbọ́ o: aṣọ, awọ àti òwú ló fi ṣe ìsàlẹ̀ ikùn obìnrin, láti ìdodo dé itan. Nínú àwọn kan, ó fi egungun ìbàdí gidi sí i. Ó fi okùn sí i tí olùkọ́ lè fà, kí ọ̀nà ọmọ lè fún tàbí kó ṣí. Ó tún ṣe ọmọ aṣọ tó tóbi tó ọmọ tuntun, pẹ̀lú ìwọ́ àti ibi. Ó ṣe ẹnu ọmọ náà tí ìka máa wọ̀ ọ́, nítorí pé tí ọmọ bá ń fi ìdí wá, agbẹ̀bí gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìka sẹ́nu ọmọ láti rọra gba orí rẹ̀ jáde. Nígbà tó yá, ó tún fi kànrìnkàn tó mu omi pupa sínú rẹ̀, kó lè máa ṣẹ̀jẹ̀ bí ti obìnrin tó ń bímọ.

Obìnrin yìí rìn káàkiri ilẹ̀ Faransé fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ló kọ́. Àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ náà jókòó kọ́ṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ aṣọ yìí. Ó dẹ̀ mọ ọ̀nà òwò, ẹ má fojú kéré rẹ̀: ìlú tó bá gbà á lálejò, ó máa ń fẹ́ kí wọ́n ra ẹ̀rọ kan kó máa wà níbẹ̀, kí ẹ̀kọ́ má bàa parí lọ́jọ́ tí òun bá dágbére. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ náà ṣì wà títí dòní ní ilé àkójọ nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé ní ìlú Rouen.

Ẹ rí i pé kì í ṣe pé kò sí aláboyún nílẹ̀ Faransé. Wọ́n pọ̀. Ohun tí kò sí ni ààyè láti ṣì í lára wọn. Obìnrin tó ń rọbí ò lè ní, "Ẹ dúró o, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i." Ẹ̀rọ aṣọ gbà kéèyàn tún un ṣe nígbà ogún, ìyẹn gan-an ni obìnrin yìí ń fún wọn.

Ohùn kẹta

Ẹ má bínú, iná ló lọ. Ó ti dé báyìí. Ibí la wá dé orí ọ̀rọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì gan-an.

Ní Amẹ́ríkà, ní ìlú Pawtucket ní ìpínlẹ̀ Rhode Island, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Martha Jenkins Chase. Dókítà ni ọkọ rẹ̀. Òun, ọmọlangidi ló ń ṣe fún àwọn ọmọdé láti ìparí àwọn ọdún 1880. Aṣọ tó ń fà, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìbọ̀sẹ̀, ló fi ń rán wọn, á ki òwú sí i, á wá fi ọ̀dà olóróòró kùn ún. Ohun tó mú kí ọjà rẹ̀ tà ni pé ó ṣe é fọ̀. Ìyá ọmọ lè fi omi àti ọṣẹ nù ún.

Ní nǹkan bí ọdún 1910, Lauder Sutherland, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù Hartford ní ìpínlẹ̀ Connecticut, kọ̀wé sí obìnrin oníṣòwò yìí pé ṣé ó lè bá òun ṣe ọmọlangidi tó tó àgbàlagbà. Ọjà náà jáde lọ́dún 1911. Gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 4. Apá rẹ̀ ń ṣẹ́, orúnkún rẹ̀ ń ká, ó dẹ̀ ṣe é wẹ̀ nítorí ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ lórúkọ oníṣòwò náà, wọ́n ń pè é ní Ìyáàfin Chase.

Kí ni wọ́n fi ń ṣe? Ẹ má rò pé nǹkan ńlá kan ni. Wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí aláìsàn padà lórí bẹ́ẹ̀dì kí egbò má bàa yọ sí i lẹ́yìn. Wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ ẹni tí kò lè dìde. Wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ bẹ́díṣíìtì láìgbé aláìsàn sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá ti tọ́jú àgbà tí àrùn rọpá-rọsẹ̀ kọlù mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá nìyẹn, ó gba ọgbọ́n ju agbára lọ. Lọ́dún 1914, wọ́n ṣe èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ṣe ojú ibi tí abẹ́rẹ́ máa wọ̀ sí apá rẹ̀, wọ́n fi agolo sí i nínú kí wọ́n lè máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń ki rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀. Iṣẹ́ pẹ̀lẹ́ lèyí. Ẹni tí wọ́n bá ṣì í ṣe lára rẹ̀, ìnira ni, ìtìjú ni.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ò lówó Ìyáàfin Chase ńkọ́? Ọsàn! Ọsàn tá à ń jẹ yìí ni àwọn nọ́ọ̀sì kárí ayé fi kọ́ abẹ́rẹ́ gígún. Èèpo ọsàn máa ń kọ̀ díẹ̀ kí abẹ́rẹ́ tó wọ̀ ọ́, ó fara jọ awọ èèyàn. Èèyàn á fa omi sínú sírínjì, á lé atẹ́gùn jáde, á gún ọsàn títí ọwọ́ ò fi ní gbọ̀n mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á gún ara wọn, akẹ́kọ̀ọ́ sí akẹ́kọ̀ọ́.

Ṣùgbọ́n ọsàn ní ohun tí kò lè kọ́ni. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀yin ìyá ọmọ. Iṣan ńlá kan wà tó gba inú ìdí kọjá lọ sí ẹsẹ̀. Tí abẹ́rẹ́ bá ba iṣan yẹn, ọmọ tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ọsibítù lè máa tiro jáde. Àwọn dókítà wa ní Nàìjíríà mọ àìsàn yìí dáadáa, ó dẹ̀ dájú pé ẹ̀yin náà ti rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ládùúgbò. Ohun tí wọ́n fi ń kọ́ nọ́ọ̀sì ni pé kó fojú pín ìdí kan sí mẹ́rin, kó gún ìdá tó wà lókè lápá ìta, torí ibẹ̀ jìnnà sí iṣan náà. Fún ọmọ kékeré, itan ni wọ́n sábà máa ń gún. Ọsàn ò nídìí, kò nítan. Ọmọlangidi ló ní in. Ibẹ̀ ni ọwọ́ ti ń mọ ojú ibi tó yẹ, kó tó kan ọmọ ọlọ́mọ.

Ohùn kẹrin

Ìkẹyìn rèé, mi ò ní pẹ́ mọ́.

Oníṣòwò ohun ìṣeré mìíràn tún wọ inú ìtàn yìí. Asmund Laerdal lorúkọ rẹ̀, ará Stavanger ní ilẹ̀ Nọ́wè. Ọmọlangidi àti mọ́tò ìṣeré ló ń ṣe. Ọmọ rẹ̀ kékeré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sómi rí, òun fúnra rẹ̀ ló fa ọmọ náà jáde, tó tẹ omi kúrò lára rẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, dókítà kan ní Baltimore tó ń jẹ́ Peter Safar ti fi hàn pé èèyàn lè fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí ẹni tí èémí rẹ̀ dá, kó sì yè. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe máa kọ́ ọ? Ta ló máa dùbúlẹ̀ kí wọ́n máa fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu látàárọ̀ ṣúlẹ̀? Laerdal àti àwọn dókítà jọ forí korí, lọ́dún 1960 wọ́n gbé Resusci Anne jáde.

Ohun tó wù mí lára ọmọlangidi yìí ni òtítọ́ rẹ̀. Tí o ò bá tẹ orí rẹ̀ sẹ́yìn dáadáa, atẹ́gùn ò ní wọlé, bó ti wù kó o fẹ́ ẹ tó. Nígbà tí àwọn dókítà tún rí i pé títẹ àyà ń mú kí ẹ̀jẹ̀ máa lọ yíká ara, wọ́n fi sípíríǹgì sí i láyà. Ní ti ojú rẹ̀, ojú ọmọbìnrin kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ rẹ̀ ni. Wọ́n ní inú odò Seine ní Paris ni wọ́n ti rí òkú rẹ̀ láyé ọjọ́un, kò sẹ́ni tó wá béèrè rẹ̀, ni wọ́n bá fi ẹfun gba àwòrán ojú rẹ̀. Àlejò tí kò lárá, ojú rẹ̀ ló wá di ojú tí gbogbo ayé fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀mí là.

Ní àwọn ọdún 1960 kan náà, ní yunifásítì Southern California, wọ́n ṣe èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí, wọ́n pè é ní Sim One. Ó ń mí, ó ń ṣẹ́jú, ọkàn rẹ̀ ń lù. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga ju ọ̀run lọ, kò lè tàn kálẹ̀. Lọ́dún 2010, ilé-iṣẹ́ tí Laerdal dá sílẹ̀ gbé ọ̀nà mìíràn gbà: wọ́n ṣe èyí tí kò wọ́nwó fún àwọn ilẹ̀ bíi tiwa. NeoNatalie, ọmọ tuntun tí wọ́n ń rọ omi sí nínú kó lè wúwo bí ọmọ tòótọ́. Olùkọ́ á máa fi ọwọ́ fún rọ́bà kékeré kan, ọmọ á ké, tàbí kó dákẹ́. Tó bá dákẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ràn án lọ́wọ́ láti mí láàárín ìṣẹ́jú kan àkọ́kọ́. MamaNatalie ní tirẹ̀, ikùn tí olùkọ́ ń so mọ́ra ni, ó ní àpò omi pupa fún ẹ̀jẹ̀. Ẹ rí i? Iṣẹ́ obìnrin Faransé ọjọ́sí náà ni, lẹ́yìn igba ọdún àti àádọ́ta.

Wàyí o, ṣé ọmọlangidi tó? Wọ́n dán an wò. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lọ́dún 2014. Ilé-ẹ̀kọ́ 10 ni wọ́n ti ṣe é. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan lo ọ̀pọ̀ jù lọ wákàtí wọn ní wọ́ọ̀dù, wọ́n fi ọmọlangidi rọ́pò ìdá mẹ́rin kan wákàtí àwọn kan, wọ́n fi rọ́pò ìdajì ti àwọn yòókù. Akẹ́kọ̀ọ́ 666 ló bá a dé òpin. Wọn ò rí ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì láàárín wọn, ní ìmọ̀ tàbí nínú ìdánwò ìwé àṣẹ. Ẹ gbọ́ ààlà rẹ̀ o: ìdajì ni wọ́n dé, wọn ò rékọjá rẹ̀. Olùkọ́ tó gba ẹ̀kọ́ lórí bí wọ́n ṣe ń lò ó ló dẹ̀ dúró tì í, lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan wọ́n á jókòó yẹ iṣẹ́ wò: kí lo ṣe, kí ló dé tó o fi ṣe é, kí lo ò rí?

Torí náà, ẹ̀yin òbí, ohun tẹ́ ẹ máa bi ọmọ yín kì í ṣe "ṣé ọmọlangidi ni?" Ẹ bi í báyìí. Ẹ̀yin mélòó lẹ pín ọmọlangidi kan? Tí ọgọ́rùn-ún bá yí ọ̀kan ká, ìran lẹ̀ ń wò, iṣẹ́ kọ́ lẹ̀ ń kọ́. Ṣé olùkọ́ wà níbẹ̀ tó ń tún ọwọ́ yín ṣe? Ṣé ìwọ fúnra rẹ lo fọwọ́ kàn án, àbí o kàn dúró lẹ́yìn? Ìgbà wo lẹ máa wọ wọ́ọ̀dù? Tó bá dáhùn dáadáa, ẹ fọkàn balẹ̀, owó yín ò sọnù. Tí kò bá rí ìdáhùn, ẹ̀yin òbí ẹ kóra yín jọ, ẹ lọ rí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú sùúrù. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Ohun kan ṣẹ́ kù tí ọmọlangidi ò ní. Kì í bẹ̀rù. Ìyá arúgbó tí ò gbọ́ Haúsá, tó wà ní wọ́ọ̀dù níbi tí gbogbo èèyàn ti ń sọ Haúsá, ọmọlangidi ò lè ṣe bíi tirẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì ṣe máa bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, ọ̀dọ̀ èèyàn ló ti máa kọ́ ọ, díẹ̀ nínú rẹ̀ dẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ ilé. Ọwọ́ ni ọmọlangidi ń kọ́. Ojú àánú, ẹ̀yin lẹ máa fi kọ́ ọmọ yín.

Ẹni tó bá ní àfikún, kó fi ohùn ránṣẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì tó wà láàárín wa náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí ẹ̀yin fi kọ́ abẹ́rẹ́ tiyín fún wa. Ó dàárọ̀ o.